Cotonou sí São Tomé: Ẹ Dá Orúkọ Ọmọ Wa Padà

Ilé Olùkọ́ Idrissou,
Ẹ̀yìn Ibùdó Ọkọ̀ Ojú Irin,
Tchaourou,
Orílẹ̀-èdè Benin.

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ Ọkọ̀ Òfuurufú Lékeléke,
Cotonou.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ÌKÉDE TÍ Ẹ ṢE NÍPA ÀKÓKÒ TÍ ỌKỌ̀ YÍN LÒ LÁTI COTONOU DÉ ERÉKÙṢÙ SÃO TOMÉ, ÀTI NÍPA Ọ̀GÁ AWAKỌ̀ LATIFATOU IDRISSOU

1. Èmi ni Idrissou Zakirou, olùkọ́ fẹ̀yìntì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Goro lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Tchaourou. Èmi ni bàbá Latifatou, ọ̀gá awakọ̀ nínú ilé-iṣẹ́ yín. Mo sọ èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé mo fi pamọ́. Mo sì jẹ́ èrò nínú ọkọ̀ tí ọ̀ràn yìí dá lé lórí, èmi àti ìyá rẹ̀, Mouniratou. Ẹ̀rí ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bàbá bá ń yọ orí láàárín rẹ̀, ẹ forí jì mí, kò sí bí mo ṣe lè gé e kúrò.

2. Mo lè fi èdè Faransé kọ ìwé yìí; òun ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀yin fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn èrò yín, ẹ mú kí wọ́n kà á lórí rédíò ní Faransé, ní Fọ̀n, àti ní Yorùbá. Ti Yorùbá ni ìyàwó mi gbọ́ níbi tí ó jókòó sí lójúde, tí ó ń ṣa èso kajú rere kúrò lára èyí tí kò dára. Ó pè mí pé kí n wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọmọ wa. Èdè tí ẹ fi bu ọmọ náà kù ni mo fi ń dá yín lóhùn.

3. Ohun tí ìkéde yín sọ ni pé ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó lo wákàtí méjì láti Cotonou dé erékùṣù São Tomé lo ju wákàtí márùn-ún lọ, àti pé àìtó ìrírí obìnrin tí ó wà á ni ó fà á. Ẹ dá orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìdílé rẹ̀. Ẹ ní ẹ ti gbé e kúrò nídìí ọkọ̀. Ẹ ní kí àwọn èrò fọkàn balẹ̀.

4. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí ẹ pè ní aláìnírìírí. Latifatou ni àkọ́bí wa. Goro ni a bí i sí. Nígbà tí ó gba bac, ìwé ẹ̀rí òpin ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí ìjọba sì fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti lọ kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ní Mòrókò, àwọn ẹbí wa péjọ sí ilé mi láti sọ fún mi pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó bá ọmọbìnrin mu. Èmi fúnra mi ń ṣiyèméjì. Ìyá rẹ̀ ni ó bá wọn sọ ọ́. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí ó lọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, ilé yìí ṣì wà.” Ó lọ, ó sì ṣeé ṣe. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi jókòó ní àga igbákejì awakọ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ lábẹ́ yín, kí ẹ tó fi ọwọ́ ara yín gbé e sí àga ọ̀gá awakọ̀ ní oṣù Kìíní ọdún yìí. Ìwé tí ẹ fi yìn ín lọ́jọ́ náà wà lára ògiri ìyẹ̀wù wa. Bí ìrírí rẹ̀ kò bá tó, ta ni ó fọwọ́ sí i?

5. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ó ránṣẹ́ sí wa pé òun fẹ́ kí a jókòó sínú ọkọ̀ tí òun ń wà, kí a lè mọ ohun tí òun ń ṣe láyé. A kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí, èmi tàbí ìyá rẹ̀. A gbéra láti Tchaourou ní ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀nà Tchaourou sí Cotonou kò tó ìdajì ọ̀nà Cotonou sí erékùṣù yẹn, síbẹ̀ odindi ọjọ́ ni bọ́ọ̀sì fi gbé wa, nítorí ó bàjẹ́ lẹ́bàá Savè, a sì jókòó sábẹ́ igi títí wọ́n fi tún un ṣe. Kò sí ẹni tí ó lọ sórí rédíò láti bu awakọ̀ náà kù.

6. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹrin, a dé pápá ọkọ̀ òfuurufú. Pátákó ńlá yín wà lẹ́nu ọ̀nà: ẹyẹ lékeléke kan lórí òkun, àti ọ̀rọ̀ pé wákàtí méjì péré ni sí erékùṣù. Inú mi dùn láti kà á. Mo ṣàlàyé fún ìyàwó mi pé ìjìnnà ibẹ̀ lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rin kìlómítà, pé bí ọkọ̀ bá ń sáré tó báyìí ní wákàtí kan, wákàtí méjì ni ìdáhùn. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni mo fi kọ́ ọmọ ní gbogbo ayé mi. Ẹ̀yin Ọ̀gá, nínú ìṣirò ilé-ìwé, òjò kì í rọ̀.

7. Ọkọ̀ gbéra láìsí wàhálà. Latifatou ti kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé òbí òun ni wá, nítorí òun wà lẹ́nu iṣẹ́. A pa á mọ́. Ọ̀nà náà tutù, ó sì dára, títí ó fi kù díẹ̀ kí wákàtí méjì náà pé. Nígbà náà ni mo wo ojú fèrèsé tí mo rí i pé iwájú wa dúdú bí ìdí ìkòkò. Mọ̀nàmọ́ná ń kọ nínú rẹ̀. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ohùn Latifatou wá jáde láti òkè orí wa. Ó sọ ọ́ ní Faransé, ó sọ ọ́ ní èdè àwọn ará erékùṣù náà, lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ ní èdè wa: “Ẹ̀yin èrò wa, ìjì wà lórí pápá tí a fẹ́ balẹ̀ sí. A ó máa yí po lókè níbí fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ de ìgbànú yín, ẹ má bẹ̀rù.” Ìyàwó mi ti di apá mi mú láti ìgbà tí ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó tú u sílẹ̀. Ó wí fún mi jẹ́jẹ́ pé ohùn yẹn gan-an ni Latifatou máa ń fi pe àwọn ewúrẹ́ wọlé ní Goro bí òjò bá ṣú.

8. A yí po lókè. Nígbà tí ó ṣe, ó tún sọ fún wa pé ojú ọ̀run ti ṣí díẹ̀, òun yóò gbìyànjú láti balẹ̀. A sọ̀ kalẹ̀ sínú àwọsánmà. Òjò ń lu ara ọkọ̀ bí ẹni ń da òkúta wẹ́wẹ́ sórí páànù. Mo rí omi òkun nísàlẹ̀ fìrí, mo rí àwọn igi, lẹ́yìn náà n kò rí ohunkóhun mọ́. Mo ń ka Fátíhà. N kò mọ ibi tí mo kà á dé. Lójijì ni ariwo ẹ́ńjìnnì ga, orí ọkọ̀ gbé sókè, ó tẹ ẹ̀yìn wa mọ́ àga. Àwọn kan ń sunkún. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí dájú: awakọ̀ yín kò sá. Ó gbìyànjú. Ó dé ibi tí ó ti yẹ kí ó rí ilẹ̀, kò rí i, ó sì yí padà.

9. Ó wá sọ fún wa pé epo tí ó kù kò yẹ ní ohun tí à ń fi dúró de ìjì, nítorí náà òun ń gbé wa lọ sí Libreville, ní ilẹ̀ Gabon, ibi tí ojú ọ̀run ti mọ́, kí a tún epo rà kí a sì padà wá. A balẹ̀ níbẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Wọn kò jẹ́ kí a sọ̀ kalẹ̀. Ooru inú ọkọ̀ pọ̀. Aṣojú ilé-iṣẹ́ yín tí ó yẹ kí ó mú omi wá fún wa kò yọjú. Latifatou fúnra rẹ̀ ni ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn ará pápá náà, tí wọ́n fi gbé omi wá.

10. Ọkùnrin kan jókòó níwájú wa, Ọ̀gbẹ́ni Ganiou, oníṣòwò kòkó láti Cotonou. Àwọn tí ó fẹ́ bá ṣòwò ń dúró dè é ní erékùṣù. Ó ti ń kùn láti òkè. Nígbà tí a dúró sínú ooru yẹn, ó dìde, ó ń sọ̀rọ̀ sókè. Nígbà náà ni Latifatou jáde láti iwájú, ó dúró láàárín àga láti bá àwọn èrò sọ̀rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ganiou sọ fún un pé òun kò fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, pé kí ó lọ pe ọ̀gá awakọ̀ wá. Ó dáhùn pé òun náà ni. Ọkùnrin náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó ní ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé sí òun pé ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn ti balẹ̀ sí erékùṣù náà nínú òjò yẹn kan náà. Gbogbo ọkọ̀ ń wo ẹnu Latifatou. Ohun tí ó sọ nìyí, mo kọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ, pẹ̀lú “tonton” tí ó fi pè é bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni: “Inú mi dùn pé wọ́n balẹ̀ láyọ̀, tonton. Bóyá ojú wọn rí ilẹ̀. Èmi kò rí i. Ilẹ̀ tí n kò rí, n kì í gbé ènìyàn lé e.”

11. Kò gbé ohùn sókè. Kò tọrọ àforíjì lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ó tọrọ àforíjì lórí omi tí ó pẹ́, ó sì padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti rí ọmọ mi ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, mo ti rí i ní ọjọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí. N kò tíì rí i bí mo ṣe rí i lọ́jọ́ yẹn. Ó wù mí kí n dìde kí n pariwo pé èmi ni mo bí i. Mo jókòó, nítorí mo ti ṣèlérí.

12. Ìyá rẹ̀ ni kò lè pa ìlérí náà mọ́ dé òpin. Ó ti dín iṣu àti wàrà Fúlàní fún ìrìn àjò wa. Nígbà tí ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ènìyàn, ó tú u sílẹ̀, ó sì ń pín in kiri àga. Ó kọ́kọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Ganiou. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ kọ̀, lẹ́yìn náà ó gbà á, ó jẹ ẹ́. Ó bi í léèrè pé níbo ni irú wàrà báyìí ti wá. Ìyàwó mi ní láti Tchaourou ni. Ọkùnrin náà tún bi í pé kí ni ó ń wá lọ sí erékùṣù. Mouniratou ní, “Mo wá wo ọmọ mi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Òun ni ẹ bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan yẹn.” Ọ̀gbẹ́ni Ganiou nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó, kò sì kùn mọ́ títí a fi dé.

13. Ìjì lọ. A padà. Ọkọ̀ náà balẹ̀ sí erékùṣù ní ọ̀sán, ó rọra kan ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó mi fi bi mí bóyá a ti balẹ̀. Ilẹ̀ ṣì tutù, omi ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àwọn èrò ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Latifatou dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dágbére fún wọn. Àwa méjèèjì ni a sọ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ tún kọ́là aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tò fún un, bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí ó ń lọ sí ilé-ìwé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà a jẹ ẹja létí òkun, àwa mẹ́ta, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo dàgbà dé ọjọ́ náà.

14. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a padà sí Tchaourou tí ìkéde yín jáde. Láti ọjọ́ náà ni ẹ ti fi Latifatou jókòó sí ọ́fíìsì ní Cotonou, tí ó ń dá àwọn tí ẹrù wọn sọnù lóhùn. Igbákejì rẹ̀ nínú ọkọ̀, ọkùnrin tí ó fọwọ́ sí gbogbo ìpinnu náà pẹ̀lú rẹ̀, ṣì ń fò. Inú wa dùn sí i. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ìpinnu ènìyàn méjì ni, orúkọ obìnrin nìkan ni ẹ kà lórí rédíò. Mo fẹ́ mọ ìdí rẹ̀.

15. Ẹ ní àwọn èrò ni ó fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Mo pe Ọ̀gbẹ́ni Ganiou, ẹni tí ó fún ìyàwó mi ní nọ́ńbà rẹ̀ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun kọ̀wé sí yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí òun kọ ni pé ẹ fi àwọn ènìyàn sínú ooru láìsí omi, àti pé aṣojú yín kò yọjú. Ó ní òun kò dárúkọ awakọ̀ kankan. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo ní kí ó jẹ́ kí n kọ sí yín, ó sì gbà: “Wákàtí díẹ̀ ni mo pàdánù níbẹ̀, Bàbá. Bí ó bá ti ṣe tèmi, bóyá ẹ̀mí gbogbo wa ni à bá pàdánù.” Ó ti ṣèlérí pé bí ẹ bá pe òun, òun yóò wá sọ ọ́ lójú yín.

16. Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ rédíò a máa ré kọjá. Ní ibi tí àwa ń gbé, kì í tètè ré kọjá. Ọkùnrin àgbẹ̀ kan wà ní Kika, Mouftaou ni ó ń jẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Raoudath, mọ ìṣirò dáadáa, ó sì ti ń sọ pé bíi ti Latifatou ni òun yóò ṣe. Mouftaou gun ọ̀kadà wá sí ilé mi lẹ́yìn ìkéde yín. Kò wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ènìyàn rere ni. Ó wá bi mí pé ṣé kí òun jẹ́ kí ọmọ náà máa bá a lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé bí obìnrin bá dé ibẹ̀ tán, báyìí ni wọn yóò ṣe é. Mo sọ ohun tí mo rí nínú ọkọ̀ yẹn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́, ó sì lọ. N kò tíì mọ ohun tí yóò ṣe.

17. Ìjìnnà Cotonou sí erékùṣù náà kò yí padà lọ́jọ́ yẹn. Bí ó ṣe wà kí ìjì tó dé ni ó wà lẹ́yìn tí ìjì lọ. Àkókò ni ó yí padà, ọmọ mi kò sì ní àṣẹ lórí ìjì. Ohun tí ó ní àṣẹ lé lórí ni ẹ̀mí àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì kó gbogbo wọn dé. Ní ti ọkọ̀ kejì tí ó balẹ̀: ẹni tí ó la odò kíkún kọjá tí omi kò gbé e lọ, kò sọ ẹni tí ó dúró kí omi fà di ojo.

18. Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè nìyí. Kí ẹ kéde lórí rédíò kan náà, ní èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé ìpinnu tí Ọ̀gá Awakọ̀ Latifatou Idrissou ṣe lọ́jọ́ náà bá òfin iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí ẹ dá a padà sí àga rẹ̀. Kí ẹ sì tún ọ̀rọ̀ orí pátákó yín kọ, kí ó máa sọ fún ènìyàn pé wákàtí méjì ni bí ojú ọ̀run bá gbà. A kò béèrè owó. Bí ẹ kò bá dá wa lóhùn kí oṣù yìí tó parí, èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Ganiou yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú àwọn tí ń ṣàkóso ìrìn òfuurufú ní ilẹ̀ yìí.

19. Ẹ má ṣe rò pé Latifatou ni ó rán mi. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ̀wé, ó kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní wọn yóò sọ pé òun fi bàbá òun bẹ ọ̀gá òun. Ìyá rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ní òpin rẹ̀, ó ní, “Ẹ kọ ohun tí ojú yín rí, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀ wọ́n.” Mo ti kọ ohun tí ojú mi rí. N kò bẹ̀ yín.

20. Ọjọ́ tí ẹ bá dá a padà sídìí ọkọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi tó wa létí ní Tchaourou. Èmi àti Mouniratou yóò tún wọ bọ́ọ̀sì wá sí Cotonou, a ó sì gba àyè sínú ọkọ̀ tí ń lọ sí erékùṣù náà. Ẹ má ṣe sọ wákàtí tí a ó dé fún wa. Orúkọ ẹni tí ó jókòó níwájú ní àga awakọ̀ ni kí ẹ sọ fún wa.

Ẹ ṣeun tí ẹ ka ọ̀rọ̀ àgbàlagbà dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín nínú òtítọ́,

Idrissou Zakirou,
Olùkọ́ fẹ̀yìntì, bàbá Ọ̀gá Awakọ̀ Latifatou.